Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé: ohun tí ìjà ẹgbẹ́ àwọn awakùsà èédú ń kọ́ wa

Ta ni ó ń jèrè nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì bá ń bá ara wọn jà? A bi ìbéèrè yìí nítorí pé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sẹ̀ńdíkà kò mọ ní ẹyọ méjì. UNSTB wà, CSA-Bénin wà, CGTB wà, CSTB wà, COSI-Bénin wà, àwọn mìíràn sì tún wà lẹ́yìn wọn. Ní Tógò náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí olùkọ́ méjì bá ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan máa san owó ẹgbẹ́ síhìn-ín, kí èkejì máa san tirẹ̀ sọ́hùn-ún. Owó oṣù kan náà ni wọ́n ń retí. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá dé, ọ̀kan á dúró sílé, èkejì á mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ sí kíláàsì, wọn á sì máa wo ara wọn bí ọ̀tá.

Èrò tiwa ni pé pípọ̀ tí ẹgbẹ́ pọ̀ kọ́ ni àrùn náà. Ibi tí àrùn náà wà ni pé a kì í bi òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ léèrè kí a tó pín in. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé a ní èédú nílẹ̀ níbí. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni àwọn ará wa ń wà ní Onígbólò, lẹ́bàá Pọ́bẹ̀. Ohun tó mú wa lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn awakùsà èédú ti ja irú ìjà yìí dé òpin, òpin rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà kan já sí, ọwọ́ ẹni tó ti rìn ín dópin ni yóò ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1945 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ NUM ti kó àwọn awakùsà èédú gbogbo agbègbè sábẹ́ òrùlé kan. Ẹgbẹ́ yìí lágbára. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1972, iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ìlú, ìjọba sì fún wọn ní ohun tí wọ́n ń béèrè. Ní ọdún 1974, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Edward Heath tó jẹ́ olórí ìjọba pe ìdìbò kí aráàlú lè gbè é lẹ́yìn, ó sì pàdánù ipò rẹ̀. Àwọn tó gbàjọba lẹ́yìn náà kò gbàgbé.

Ní 6 oṣù Kẹta ọdún 1984, àjọ ìjọba tó ń bójú tó èédú, tí Ian MacGregor jẹ́ olórí rẹ̀, kéde pé àwọn yóò ti bí 20 kòtò èédú pa. Èyí túmọ̀ sí pé bí 20,000 ènìyàn yóò pàdánù iṣẹ́. Ní 12 oṣù náà, Arthur Scargill, ààrẹ NUM, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo agbègbè jáde. Ìjọba Margaret Thatcher ti múra sílẹ̀. Wọ́n ti to èédú jọ gègèrè sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba náà tún nílò ni pé kí èédú tuntun máa jáde láti ibì kan. Ó rí ibẹ̀. Nottinghamshire ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìbò ti wọlé. Ìwé òfin NUM sọ pé bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá máa kan gbogbo orílẹ̀-èdè, àfi kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò sí i. Àwọn olórí gba ẹnu ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí agbègbè kọ̀ọ̀kan pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Kò ṣàì ní ìdí. Láàárín ọdún 1982 sí 1983, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ka iwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni ìbò ti sọ pé rárá. Wọ́n tún ní àlàyé kan tó wúwo: ṣé ó tọ́ kí ẹni tí kòtò tirẹ̀ kò sí nínú ewu fi ìbò lé ẹlòmíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́? A kò lè fi ọwọ́ rọ́ àlàyé yìí sẹ́yìn. Bí iná bá ń jó ilé ẹnì kan, kò dára kí a máa ka ìbò àwọn aládùúgbò kí a tó pọn omi.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Nottinghamshire náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n dìbò láàárín ara wọn ní àárín oṣù Kẹta náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò tí wọ́n ní àwọn kò daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ pé bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá dìbò tí ó sì já sí ìdaṣẹ́sílẹ̀, àwọn yóò jáde. Ní 19 oṣù Kẹrin, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ pàdé ní Sheffield, wọ́n sì kọ̀ láti ṣètò ìdìbò gbogbogbòò. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Nottinghamshire ní ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ bí wọ́n bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Á ní, "Ta ló bi mí?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọwọ́ Nottinghamshire mọ́ o. Ní ọdún 1977, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ NUM dìbò lórí ètò owó ìwúrí kan, nínú èyí tí agbègbè tí ó bá wa èédú jù yóò máa gba owó jù. Ìbò náà sọ pé àwọn kò fẹ́. Àwọn agbègbè kan fi ìbò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gba ètò náà. Nottinghamshire wà lára wọn. Ilẹ̀ tiwọn rọrùn láti wà ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún wọn ju ti ará Wales tàbí ará Scotland lọ. Èyí fi hàn pé kí ọdún 1984 tó dé, ìhà méjèèjì ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ ìbò mọ́lẹ̀ nígbà tí kò bá gbè wọ́n. Àwọn àgbà sì ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìrì náà sì sẹ̀. Àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní Yorkshire ń wọ mọ́tò lọ sí Nottinghamshire láti dí ẹnu ọ̀nà kòtò. Ọlọ́pàá kún ojú títì. Ní 15 oṣù Kẹta, ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 24 kan láti Yorkshire kú nínú ìdàrúdàpọ̀ ní Ollerton. Ní 30 oṣù Kọkànlá, ní gúúsù Wales, wọ́n ju òkúta kọnkéré láti orí afárá sórí takisí kan tó ń gbé awakùsà kan lọ sí ẹnu iṣẹ́. Awakọ̀ takisí náà ló kú, ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá, tí kì í sì í ṣe awakùsà. Kí ìjà náà tó parí, iye àwọn tí ọlọ́pàá mú ti lé ní 11,000. Ní àwọn abúlé kan, ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń wọ kòtò kan náà kò kí ara wọn mọ́, àwọn mìíràn kò sì kí ara wọn títí wọ́n fi kú.

Ilé ẹjọ́ náà bá ojú egbò wọlé. Àwọn awakùsà kan tí wọn kò fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ pe ẹgbẹ́ wọn lẹ́jọ́ pé a kò dìbò. Adájọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 200,000 pọ́n-ùn lé NUM, wọ́n sì ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó àti ohun ìní ẹgbẹ́ náà. Ẹ wò ó dáadáa: ìbò tí àwọn olórí rò pé àwọn fò ló di okùn tí wọ́n fi dè wọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ní 3 oṣù Kẹta ọdún 1985, àwọn aṣojú pàdé. 98 ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́, 91 ní kí a má padà. Wọ́n padà láìsí àdéhùn kankan lọ́wọ́, lẹ́yìn ọdún kan gbáko tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí owó oṣù. Láàárín ọdún náà kan náà, àwọn ará Nottinghamshire àti àwọn ará South Derbyshire yapa kúrò nínú NUM, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, UDM. Roy Lynk ni olórí tí aráyé mọ̀ jù nínú wọn. Àjọ èédú gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ owó oṣù, ó sì ń fi NUM sílẹ̀ lóde. Orúkọ oyè wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba fún Lynk. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun náà gbà lọ́kàn wọn pé ìjọba kò ní gbàgbé oore tí àwọn ṣe fún un.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Ní 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1992, Michael Heseltine, mínísítà nínú ìjọba, dìde ó sì kéde pé 31 nínú 50 kòtò èédú tó ṣẹ́kù ni wọn yóò tì pa. Iṣẹ́ 30,000 ènìyàn ló fẹ́ lọ. Wọn kò bi ẹni tó ṣiṣẹ́ ní 1984 àti ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn kòtò Nottinghamshire wà nínú ìwé náà bí ti àwọn ẹlòmíràn. Roy Lynk sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò Silverhill, ó sì jókòó sí abẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láti fi ẹ̀hónú hàn. Ó ti pẹ́ jù. Thoresby tó gbẹ̀yìn ní Nottinghamshire tì ní ọdún 2015. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Kellingley ní Yorkshire tì, òun sì ni kòtò èédú jíjìn tó kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ọdún kan náà ni ìyálé àti ìyàwó kó ẹrù jáde nínú ilé.

Àwọn kan lè sọ pé bóyá NUM dìbò tàbí kò dìbò, èédú á kú, nítorí pé gáàsì àti èédú olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ti dé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ fi ń kú. Ó lè kú díẹ̀díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ wà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n kọ́ ọmọ wọn ní iṣẹ́ mìíràn, kí ìlú má bàjẹ́. Ó sì lè kú lójijì, kí wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹgbẹ́ tó wà pọ̀ ní ohùn nínú ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò gbà kú. Ẹgbẹ́ tó pín kò ní in.

Ohun tó ṣeni láàánú nínú ọ̀rọ̀ Nottinghamshire ni pé wọ́n ti ṣe é rí. Lẹ́yìn ìjà ńlá ọdún 1926, George Spencer kó àwọn awakùsà kan jáde níbẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀gá kòtò sì gbà á. Ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ, àti ìjà kíkorò ní kòtò Harworth, kí ẹgbẹ́ méjèèjì tó padà di ọ̀kan ní ọdún 1937. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìyapa lè jinná. Èkejì ni pé egbò tó jinná lè tún là, bí a bá tún gbá a níbi tó ti dunni rí.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọdún 1932, ebi ń pa ayé. Owó iṣẹ́ òòjọ́ awakùsà jẹ́ dọ́là mẹ́fà àti sẹ́ǹtì 10. Àwọn ọ̀gá kòtò fẹ́ kí ó wá sílẹ̀ sí dọ́là márùn-ún. Àwọn olórí ẹgbẹ́ UMWA, tí John L. Lewis jẹ́ ààrẹ rẹ̀, gbé e wá síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Keje, ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, wọ́n ní àwọn kò gbà. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n tún ní kí wọ́n dìbò. Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò lọ́wọ́ ní Springfield, àwọn kan jí ìwé tí wọ́n kọ iye ìbò sí gbé lọ. Lewis ní ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, ni wọ́n bá buwọ́ lu ìwé àdéhùn dọ́là márùn-ún náà láìka ìbò tán.

Inú àwọn awakùsà ru. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n pàdé ní ìlú Gillespie, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, Progressive Miners of America. Ìyàwó àti ìyá àwọn awakùsà náà dá ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì wọ́ lọ sí Springfield ní oṣù Kìíní ọdún 1933 láti bá gómìnà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́, ẹni tó bá fojú ire wò ó yóò gbà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tọ́ kò ní kí ìjà má di ìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àwọn ibi bíi Taylorville, awakùsà ń yìnbọn lu awakùsà, wọ́n ń ju bọ́ǹbù sílé ara wọn, òkú sì sùn ní ìhà méjèèjì. Àwọn ilé iṣẹ́ èédú ńláńlá ń bá UMWA buwọ́ lu ìwé, wọ́n ń lé ẹni tó bá gbé káàdì ẹgbẹ́ tuntun. Ẹgbẹ́ tuntun náà kò ráyè dàgbà kọjá ibi tí wọ́n ti bí i.

Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì síwájú, a óò rí i pé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ jọra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbò tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n dì ló fa ìyapa. Ní Illinois, ìbò tí wọ́n dì tí wọ́n sì jí ló fà á. Ẹni tó yapa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó àti oyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tó yapa ní Illinois gba ìyà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló jẹ èrè. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé ìyapa ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ lásán. Ọ̀dàlẹ̀ lè wà, owó ọ̀gá lè wà. Àmọ́ kí ọ̀dàlẹ̀ tó lè kó ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lẹ́yìn, ẹnì kan ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu ogunlọ́gọ̀ náà.

Ṣé kí a wá sọ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò? Rárá o. A ti rí ìyẹn náà. Láti ọdún 1974, UNSTB nìkan ni ẹgbẹ́ tí ìjọba ẹlẹ́gbẹ́-òṣèlú-kan fọwọ́ sí níbí. Ní Tógò, CNTT ni. Ohùn ìjọba ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ fún òṣìṣẹ́, kì í sọ ohùn òṣìṣẹ́ fún ìjọba. Ní ọdún 1989, nígbà tí oṣù ń kọjá tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó gbà, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láìdúró de àṣẹ. Ìjà wọn wà lára ohun tó gbé wa dé Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún 1990. Òmìnira láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ jẹ́ ohun tí a jà fún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò sì ní dá a padà.

Bí a bá ní ọ̀nà púpọ̀ wọ ọjà, ó yẹ kí ọjà kan náà ni gbogbo wọn já sí. Ẹ wo ibi tí a wà lónìí. Òfin ọdún 2018 lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò jẹ́ kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ju ọjọ́ 10 lọ láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ràn òfin náà, àmọ́ òun ló wà nílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kì í ná an ní ìnákúnàá. Bí ẹgbẹ́ kan bá pe ọjọ́ tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí èkejì pe tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ẹ̀kẹta sì ní kí àwọn ọmọ òun lọ sí ibi iṣẹ́, a jẹ́ pé a ti ná ọjọ́ wa tán, ọ̀gá kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀. Láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 40,000 fáráńkì, ó di 52,000, lẹ́yìn tí ìjọba àti àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ jókòó sọ ọ́. Ní 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àwọn olórí láti inú àpapọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fẹ́ wọ́de ní Kútọnu nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, ọlọ́pàá tú wọn ká, wọ́n sì kó àwọn kan nínú wọn. Kò sí ọlọ́pàá tó béèrè káàdì CSA tàbí káàdì UNSTB kó tó kó wọn sínú ọkọ̀. Bí ọlọ́pàá bá lè rí i pé ọ̀kan ni wọ́n, kí ló dé tí àwọn fúnra wọn kì í fi í rí i títí ọdún?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa.

Èkíní, kí ìbò ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀. Kí a dì í ní ibi iṣẹ́, kí a kà á ní ojú gbogbo ènìyàn, kí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri. Òótọ́ ni pé òfin ní ìdìbò kan tó ń fi hàn bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó. Ìdìbò yẹn ń sọ ẹni tí yóò jókòó níwájú ìjọba. Kò sọ ohun tí òṣìṣẹ́ fẹ́ kí ó sọ níbẹ̀. Bí ìbò bá sì sọ ohun tí olórí kò fẹ́, kí ó gbà. NUM ní ẹ̀rù ìbò nítorí pé ìbò ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbò já kulẹ̀ lè padà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó fo ìbò kò ní ẹni tí yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì, kí a máa dìbò pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo wa. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù àwọn olùkọ́ ni, kí olùkọ́ gbogbo dìbò, káàdì yòówù tí wọn ì báà gbé. Agbẹjọ́rò kò nílò láti jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ẹjọ́ náà ọ̀kan ni. Àlàyé Scargill nípa ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ní ìdáhùn níbí: kí á kọ́kọ́ ṣèlérí fún ara wa pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan agbègbè kan, gbogbo wa la óò dìbò lórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí àdéhùn náà wà nílẹ̀ kí iná tó ràn. A kì í gbẹ́ kànga lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹni.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ kankan má gba lọ́wọ́ ọ̀gá ohun tí ọ̀gá fi du ẹgbẹ́ mìíràn. Kí ó má gba yàrá ìpàdé tí wọ́n lé ẹlòmíràn jáde nínú rẹ̀. Kí ó má jókòó sí orí àga tí wọ́n fà kúrò lábẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá tó bá fún ọ ní irú àga bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà fà á padà. Ẹ bi àwọn ará Nottinghamshire.

A mọ ìdáhùn tí àwọn kan nínú yín yóò fún wa. Ẹ óò ní àwọn oníròyìn wọ̀nyí ṣì kéré, wọn kò tíì san owó ẹgbẹ́ rí, wọn kò mọ bí ìjọba ṣe ń ra ènìyàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa la máa ń wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó bá kùnà, a sì ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ń sọ lẹ́yìn yín. Wọn kì í sábà sọ pé ìjọba lágbára jù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A gbọ́ ọ lórí rédíò bí ẹ̀yin náà ṣe gbọ́ ọ."

Ìlú èédú tó sún mọ́ wa jù lọ ni Enúgù ní Nàìjíríà. Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí àwọn awakùsà ní Iva Valley, 21 sì kú. Àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà péjọ ní Èkó lójijì, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì kan sílẹ̀ lábẹ́ Dókítà Akinọlá Májà. Ìṣọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ọdún kò mú wá, òkú 21 mú un wá. Kò sì pẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà tún fi tú ká. Ìṣọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ bá bí kì í pẹ́ láyé, nítorí pé kò sí ẹni tó dìbò fún un.

Ẹ̀yin olórí wa ní UNSTB, ní CSA, ní CGTB, ní CSTB, ní COSI, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tógò, ẹ má dúró de òkú. Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ kan kì í jìnnà sí èkejì. Kí èyí tó ń bọ̀ tó dé, ẹ gbé àpótí ìbò kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan, sí ilé ìwòsàn kan, sí ibi ìwakùsà kan, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ìwé sínú rẹ̀, láìbéèrè káàdì. Ibi kékeré ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Pàṣán ṣì wà lókè àjà. Kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ bí kò ṣe ìyálé àti ìyàwó, bí wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀.